Ohun tí Ilẹ̀ Kọ̀ láti Jẹ

Ní Skarvdal, nínú oṣù kìíní,
oòrùn kì í yọ kọjá èjìká òkè.
Agogo mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú,
iná méjì péré ló ń tàn létí adágún:
ti yàrá àyẹ̀wò Ragnfrid,
ti ilé Oddvar, bàbá rẹ̀, tó ń wúkọ́.

Agolo búlúù kan wà lórí tábìlì.
Ragnfrid ló po ìda inú rẹ̀,
ọdún mẹ́sàn-án ló fi pò ó.
Kókò kì í hù nílẹ̀ olótùútù,
síbẹ̀ obìnrin yìí jí ọgbọ́n ewé kókò kọ́:
da omi lé ìda náà, omi a yí gbirigbiri, a sá.
Wọ́n fi pa ìdí pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín,
ọmọkùnrin abúlé náà kan sì gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà.
Bí ẹni ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ló fi ṣáájú ẹnì kejì.
Wọ́n gbé Ragnfrid sókè lọ́jọ́ náà.
Wọ́n ṣe kéèkì, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i,
wọ́n ṣì í kọ.

Ta ló bi ìda pé níbo ló ń lọ?

Yìnyín a máa yọ́. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.
Tó bá di oṣù karùn-ún, gbogbo ipa ẹsẹ̀ àwọn asáré
á di omi, á wọ́ bọ́ sínú adágún,
ẹja á gbé e mì,
Oddvar á fi ìwọ̀ fa ẹja náà jáde,
á fi bọ́tà dín in,
á pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun.

Ilẹ̀ tó jẹ ọba, tó jẹ ìjòyè,
tó jẹ irin àdá títí ó fi di ìpẹtà,
fi ahọ́n kan ìda yìí, ó tu ú dànù.
Gbòǹgbò kò gbà á. Ìdin kọ̀ ọ́.
Oòrùn tẹjú mọ́ ọn títí,
oòrùn ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú.
Ó pẹ́ tí a ti ń tọrọ ohun tí kì í bàjẹ́.
Ó dé wàyí, kò sì mọ bí a ti ń kú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Halvdis láti ọ́fíìsì gbé ìwé wá:
"Wọ́n ti fòfin de ti àtijọ́.
Ẹ yí èròjà kan padà, ẹ sọ ọ́ lórúkọ mìíràn.
Orúkọ tuntun ò sí nínú òfin.
Ibi tí ẹ máa buwọ́ lù nìyí."
Òótọ́ ni. Ragnfrid ti ṣe é rí. Ẹ̀ẹ̀mejì.
Ejò tó bọ́ awọ, oró rẹ̀ ò bá awọ lọ.

Ó mú kálàmù. Ó rántí gáréèjì bàbá rẹ̀:
áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí pátákó, èéfín funfun,
òun, ọmọ ọdún méje, lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé,
ó ń fa èéfín náà símú bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀.
Bàbá ò mọ̀. Bàbá gba agolo lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́,
ilé-iṣẹ́ gbà á lọ́wọ́ amòye.
Amòye ìgbà yẹn ti kú.
Ti ìsinsìnyí nìyí, ó mú kálàmù dání.

Kò buwọ́ lù ú.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ pé ayé yìn ín.
Ọdún kan àbọ̀ ló lò lórí ìda oyin àti òróró ọ̀gbọ̀,
ohun tí ìdin lè jẹ, tí ilẹ̀ lè mú lọ sílé.
Bí òtútù bá mú gan-an, ó máa ń lẹ̀ mọ́ yìnyín.
Ọmọ abúlé náà ṣe ipò kọkànlá.
Ó ju pátákó síwájú ẹsẹ̀ Ragnfrid, kò kí i.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.
Ẹja wà nínú páànù.
Oddvar bu tiẹ̀, ó bu tọmọ rẹ̀.
Ragnfrid wo àwo náà pẹ́.
Ohun tó wà nínú ẹja yìí, òun ló fi síbẹ̀,
kò sì sí ọwọ́ tó lè yọ ọ́ mọ́.
Bàbá wúkọ́, ó ní, "Àbí kò níyọ̀ ni?"
Ó ní, "Ó níyọ̀."
Ó sì jẹ ẹ́, títí dé ìrù.