Ẹni Tó Ń Ka Ìmọ́lẹ̀

Èmi ni mo lẹ aṣọ dúdú mọ́ fèrèsé,
ìlọ́po mẹ́ta, pẹ̀lú téèpù àwọn oníṣẹ́ iná.
Dókítà Ọmọlàfẹ́ dúró lẹ́yìn mi, ó ń wá ihò.
"Túyì, ojúmọ́ ṣì ń yọ́ wọlé níbẹ̀ yẹn."
Ihò abẹ́rẹ́ ni. Mo dí i.
Ní Ọbańlá, nínú yàrá tí kò tó ilé adìẹ,
la ti ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ ní hóró kọ̀ọ̀kan,
bí màámi ṣe ń ṣa òkúta inú ìrẹsì.

Lésà wà lórí tábìlì tó wúwo bí àpáta Ìdànrè.
Hóró kan á bọ́, á kan dígí tó dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀.
Ọ̀nà kan lọ síwájú, ìkejì yà sọ́tùn-ún.
Bí a bá ṣọ́ ọ, á gba ọ̀kan.
Bí a bá gbójú kúrò, á gba méjèèjì,
á sì lọ pàdé ara rẹ̀ lọ́hùn-ún.
Mo ní, "Mà, irọ́ nìyẹn."
Ó rẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́tàlá rèé tí mo ti ń pè é nírọ́.
Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Màámi pè láti Òde-Oǹdó: kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ gan-an?
"À ń ka ìmọ́lẹ̀ ni."
"Ṣé NẸ́PÀ ló wá gbà ọ́ síṣẹ́?
Ẹ bá mi wá tèmi. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo rí i kẹ́yìn."

Lálẹ́ Tọ́sìdeé, wọ́n mú iná lọ.
Láti Àúlé dé Ìjàpọ̀, gbogbo Àkúrẹ́ ké "Háà!"
Dókítà nìkan ló pàtẹ́wọ́:
òkùnkùn tí owó ìwádìí wa kò lè rà
ti bá wa nílé lọ́fẹ̀ẹ́.
Bátìrì ń gbé ẹ̀rọ ìkàyè.
Ta.
Ta. Ta.
Ta.
Lójijì ó ń ta bí gúgúrú nínú agbada!
Mo gbọ́ tí èémí rẹ̀ dúró.
Fún bí ìṣẹ́jú kan, àwa méjèèjì rò pé
ayé ti yí padà, níwájú wa, ní Ọbańlá.

Tanátaná ni. Abẹ́ ilẹ̀kùn ló gbà wọlé,
ó bà sórí dígí, ó ń fi ìdí ṣẹ́jú.
Mo bọ́ sálúbàtà mi. Ó di ọwọ́ mi mú.
Nínú òkùnkùn ó wá bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé,
agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá:
Àlejò.
A wá jókòó sílẹ̀,
a ò ka nǹkan kan.