Okùn Ẹsẹ̀ Mẹ́ta Àbọ̀

Okùn ni bàbá mi àgbà fi sílẹ̀ fún mi.
Kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe ilé. Okùn.
Ó gùn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àbọ̀,
kókó kan lókè, kókó kan nísàlẹ̀:
ìwọ̀n àárín irin kan sí èkejì.
Sùbéérù Ọláníhún, ọmọ gáńgì keje,
ló ń fi í wò bóyá irin méjì ti ń fà sẹ́yìn fún ara wọn
bíi tọkọtaya tó ń bínú.

Lọ́jọ́ Sátidé mo ki okùn náà sápò,
mo bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn Dùgbẹ̀,
níbi tí ẹ̀ka náà ti yà kúrò lára ìyá rẹ̀
tó ń lọ kó kòkó ní Abà Lágúnjú.
Mo bi àwọn mẹkáníìkì. "Rélùwéè wo?"
Wọ́n nawọ́ sí ojú irin ńlá.
Èyí tí mo ń wá
kò sí lẹ́nu ẹni tí irun rẹ̀ kò tíì funfun.

Ṣùgbọ́n rélùwéè kì í ṣẹ́rí bìrì bí ọ̀kadà.
Ohun tí mo fi dá a mọ̀ nìyẹn.
Láàárín àdúgbò tó ṣe kọ́lọkọ̀lọ,
bí Ìbàdàn ti í ṣe, tí òrùlé ń gun òrùlé,
ọ̀nà tóóró kan rọra tẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dànù.
Ògiri ọ̀tún tẹ̀ tẹ̀ lé e, tòsì náà tẹ̀,
àwọn onílé ò mọ ìdí.
Èmi mọ̀. Mo dákẹ́.

Lẹ́yìn ṣáláńgá mọ́ṣáláṣí kan, òkúta wẹ́wẹ́,
dúdú, etí rẹ̀ mú, kì í ṣe òkúta ibẹ̀ yẹn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Bàbá bá wọlé
tó ní, "A pààrọ̀ sílípà mẹ́rìnlélógún lónìí,"
mo máa ń ka ẹsẹ̀ rélùwéè lọ́kàn mi,
mo máa ń ro ẹni tó ń bá a wọ̀ ọ́.
Mo rí mẹ́ta. Màmá kan, Ṣàdíátù,
fi wọ́n ṣe àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀.
Ó ní tí òjò bá rọ̀, wọ́n ṣì ń run ọ̀dà.
Mo bọ́ bàtà mi kí n tó gùn wọ́n.

Ní odò Ọnà, afárá ti lọ.
Ìdí rẹ̀ méjèèjì ń wo ara wọn lókè omi
bí àgbà méjì tó jọ ṣẹjọ́ ilẹ̀
tí wọn ò jọ sọ̀rọ̀ mọ́.
Ọmọkùnrin tó ń dẹ ìwọ̀ níbẹ̀ ní
àwọn tó ń ra àlòkù irin ló gé e lóru ọjọ́ kan.
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń tú ikú ẹni tí kò mọ̀.
Mo ká ṣòkòtò. Omi dé orúnkún.

Oko àgbàdo. Igi kòkó mẹ́ta, arúgbó,
èso dúdú sórí wọn, kò sẹ́ni tó ká wọn.
Lẹ́yìn náà ògiri ilé ìkẹ́rù,
lẹ́tà kan péré ló kù lójú rẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti rí i:
irin méjì, wọn ò gùn ju ìṣísẹ̀ kan lọ,
símẹ́ńtì àgbàlá ẹlòmíràn gbé wọn dè.
Mo kúnlẹ̀. Mo na okùn.
Kò dé. Ó ku ìka kan.
Bóyá okùn ló súnkì, bóyá irin ló yàgò;
ká ní Bàbá wà, ì bá ti fèrè pe gáńgì.

Obìnrin kan yọjú, ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.
"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìjọba ló rán yín?
Ṣé ẹ ń wọn ilẹ̀ ni? Ṣé wọ́n fẹ́ wó wa?"
Mo ní rárá o, mo ń ká okùn bọ̀.
Ó ní, kí wá ni mo ń wọ̀n.

Mo ní ìka kan.