Orí Àpáta Ni Mo Ti Gbọ́ Ọ

Ẹ má bi mí ní ọjọ́ tí èrò náà dé.
Kò kan ilẹ̀kùn. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ní àgò.
Oṣù Agẹmọ ni, òjò ń rọ̀ ní Ìtòkò
bí ẹni pé ọ̀run jẹ wá ní gbèsè tó fẹ́ san tán lọ́jọ́ kan,
Àǹtí Ìbídùn sì ń sáré lórí àpáta,
ó ń fi ọwọ́ kó láfún tó ti sá láti àná,
funfun rẹ̀ ti ń di ẹrẹ̀.
Ó ní, "Oòrùn yìí, ìgbà tó bá wù ú ló ń wá síṣẹ́.
Bó bá jẹ́ ọmọọṣẹ́ mi ni, ǹ bá ti lé e."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo padà sí Láfẹ́ńwá, sí ṣọ́ọ̀bù mi,
níbi tí mo ti ń jó irin géètì láti ọdún mọ́kànlá.
Ọ̀rọ̀ náà kò lọ.
Ó há sí mi léyín bí iṣan ẹran.
Bí èèyàn bá ráhùn lẹ́ẹ̀kan, ariwo ni.
Bó bá rá ìráhùn kan náà lẹ́ẹ̀kẹta,
ẹ fa àga sún mọ́ ọn, ẹ jókòó.

Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ẹ jẹ́ n sòótọ́, ìtìjú ni.
Àpótí páànù, iná èédú lábẹ́.
Láfún gbẹ, àmọ́ ó ń rùn bí ẹja inú àgbo iná.
Àǹtí rò ó lọ́kà, ó tọ́ ọ wò, ó wo ojú mi:
"Ṣówándé, ọbẹ̀ wo la fẹ́ fi jẹ èéfín?"

Èkejì, mo yọ èédú kúrò.
Mo ra gíláàsì fèrèsé ilé kan tí wọ́n wó ní Ìjẹmọ̀,
mo kun páànù ní dúdú
kó lè mu oòrùn tó bá yọjú fún wákàtí kan péré,
mo so fáànù ọkọ̀ àlòkù mọ́ bátìrì.
Ìyẹn ṣiṣẹ́.
Kò sẹ́ni tó rà á.

Oṣù mẹ́rin ló fi dúró síta,
adìẹ ń yé sínú rẹ̀.
Ìyàwó mi ò bú mi. Ó kàn ń ṣírò owó irin sókè
nígbà tó bá rò pé mo ti sùn.

Ọmọọṣẹ́ mi, Jọláyẹmí, ti Sàpọ́n dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan,
iná ti kún fóònù rẹ̀.
"Ọ̀gá, igba náírà ni mo san fún onígbàjámọ̀.
Mi ò ra jẹnẹrétọ̀ rẹ̀."
Ó sì lọ fọ ọwọ́.

Mo dúró ti òun ti irin gbígbóná lọ́wọ́.
Àwo kan, owó kan.
Kí wọ́n gbé láfún wá ní tútù, kí wọ́n gbé e lọ ní gbígbẹ,
kí ẹ̀rọ máa jẹ́ tèmi, kí òjò máa jẹ́ ti Ọlọ́run.
Àwo mẹ́fà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n tò
láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù dé ojú irin rélùwéè.

Fátókí tó wà ní ìsọ̀ kejì wò ó, ó ṣe tirẹ̀ kí ọdún tó yí.
Inú bí mi, mi ò jẹun alẹ́.
Àǹtí ní, "Ṣé ìwọ lo dá oòrùn?"
Mi ò tíì rí èsì fún un títí dòní.
Ṣùgbọ́n ìbínú yẹn ni mo fi jó wíìlì mọ́ ìdí ẹ̀rọ tèmi,
mo ń tì í lọ bá wọn ní Osíẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ ọjà.
Ti Fátókí dúró lójú kan.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá, wọ́n á mú ìwé àti bírò dání:
níbo lèèyàn ti ń rí irú èrò báyìí?
Mo máa ń fẹ́ sọ ohun tó jinlẹ̀.
Ohun tó ń jáde lẹ́nu mi ni pé
ẹ lọ bá ẹni tí òjò ń pa.

Lálẹ́ àná, Àǹtí ń fún ẹ̀gẹ́ rírẹ,
omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, ó ń gba imú kan.
Ó ní, "Omi yìí ti pa gbogbo ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé mi."
Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mo gbọ́ ọ.
Mo ń kà.