Poro Kẹtàdínlógún

Ìyá àgbà gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà kaná lẹ́ẹ̀mejì,
ó sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Oṣù Kejì ni. Òtútù dógò tì wá lẹ́nu ọ̀nà.
"Fulcran mà pẹ́ o,"
ó ń fi ọwọ́ nu fèrèsé tí èémí rẹ̀ mú ṣú.

Bàbá mi, Léonce, mú tọ́ọ̀ṣì, ajá ṣíwájú.
Poro kẹtàdínlógún ni wọ́n ti bá a,
ó fẹ̀yìn ti ìdí àjàrà bí ẹni tó ní kí òun sinmi díẹ̀.
Lápá òsì rẹ̀, ó ti rẹ́ gbogbo ẹ̀ka, ó mọ́ tónítóní,
ojú méjì péré ló ṣẹ́ kù lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan;
lápá ọ̀tún, wúruwùru, bí orí ẹni tí kò tíì yarun.
Àlùmọ́gàjí ìrẹ́ka rẹ̀ nìkan ni a ò rí.
A fọwọ́ wá a nínú ìrì dídì, a wá a tì.

Àjàrà kì í báni ṣọ̀fọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí ní Mas-Redon.
Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀,
omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó, tó, tó,
láti ojú ọgbẹ́ tí bàbá àgbà dá sí wọn lára,
láti poro kìíní,
títí dé ibi tí òun náà ti dúró.
Bàbá mi ní omi ara igi lásán ni,
ọdọọdún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.
Mo ní mo gbọ́. Mo fìka kàn án, mo tọ́ ọ wò.
Kò níyọ̀.

Àǹtí Maïté wọ ọkọ̀ ojú irin láti Toulouse
wá rẹ́ ìyókù.
Ó gé ibi tó yẹ kó dá sí,
ó dá ibi tó yẹ kó gé sí,
bàbá mi ń tẹ̀lé e, ó ń tún un ṣe láìsọ̀rọ̀,
àìsọ̀rọ̀ yẹn ló dun àǹtí mi jù.
"Ẹ jẹ́ ká tà á," ó ní lọ́jọ́ Àìkú.
"Ará Bẹ́líjíọ̀mù kan fẹ́ gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀."
Ìyá àgbà ń bó ẹ̀wà tútù.
Ẹyọ kan ta bọ́ sílẹ̀. Gbogbo wa gbọ́ ọ.

Òru kan nínú oṣù Kẹrin, aago mẹ́ta,
fóònù bàbá mi ké: òtútù ti sọ̀ kalẹ̀ ju òdo lọ.
Ìyá àgbà wọ ẹ̀wù òtútù ọkọ rẹ̀, apá ẹ̀wù gbé ọwọ́ rẹ̀ mì,
mo gbé ìṣáná, àǹtí mi gbé àbẹ́là
(ó ti dé láti ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é).
Irinwó iná kéékèèké láàárín àjàrà,
bí ìlú kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀dó lóru
tí yóò sì tú ká kílẹ̀ tó mọ́.
Síbẹ̀, ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò jóná, ewé dúdú kirikiri.
Òtútù ló jó o.
Ibi tí a dáná sí ni kò jó.

Nínú ẹ̀rùn, n ò rántí ju ọwọ́ bàbá mi lọ,
tí oògùn àjàrà pa láró dé ìgúnpá.

Oṣù Kẹsàn-án: agbọ̀n lẹ́yìn wa, agbọ́n lójú wa.
Èmi ni wọ́n fún ní poro kẹtàdínlógún, torí mo kúrú.
Mo tẹrí bọ abẹ́ ewé, mo rí i láàárín ẹ̀ka méjì,
àjàrà ti na ìka tútù wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
àlùmọ́gàjí, ó dípẹtà, ó lanu sílẹ̀.
Ìyá àgbà ò sunkún. Ó tú àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan,
kò já ọ̀kan.
Ó tutọ́ sí irin, ó fi ẹ̀wù nù ún,
ó ṣí i, ó pa á dé. Kẹẹ. Kẹẹ.
Ó fi lé Maïté lọ́wọ́,
kò dárúkọ Bẹ́líjíọ̀mù.

Wáìnì ọdún náà kan. Bàbá mi mu ún, ó fajúro,
ó tún bu òmíràn.

Nínú oṣù Kejìlá, àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún poro náà:
á gé ẹ̀ka kan, á dúró, á wò ó,
á tó gé òmíràn.
Ilẹ̀ ṣú. Ajá ṣíwájú wa wálé.
Ọbẹ̀ ẹ̀wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá àgbà gbé e kaná.