Ìròyìn Oṣù Agẹmọ, ní Bálíkónì Láfíàjí

Àbúrò mi Fẹ̀hìntọlá ní irọ́ ni.
Ó ní kò sí oòrùn kankan tí kì í wọ̀,
àfi bí wọ́n bá ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé e ró.
Mo ní jókòó. Mu tíì rẹ. Ojú mi ni mo fi rí i.
Ní aago mọ́kànlá alẹ́ mo ń ka ara ìgò oògùn mi
láì tan iná;
ní aago méjì òru àwọn ẹyẹ ṣì ń jà sí oúnjẹ.
Ìró mi ni mo fi bo fèrèsé
kí n lè rí òkùnkùn díẹ̀ sùn.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó.
Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, Ọlátóóyè béèrè lórí fóònù:
"Màámi, kí lẹ fẹ́? Ẹ̀rọ amúlétutù? Mẹ́kà lẹ́ẹ̀kejì?"
Mo ní mo fẹ́ rí béárì funfun.
Ẹnu ọmọ náà là sílẹ̀. Mo gbọ́ bí ó ṣe là.

Ni mo bá lọ ra kóòtù òkìrìkà ní Yàbá
nínú òjò tí ń na gbogbo wa bí ọmọ olè.
Ẹni tó tà á wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀:
"Ìyá, ṣé inú fíríìsà lẹ ń gbé ni?"
Mo ní mò ń lọ kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Wọ́n ní ìgbà ooru wọn nìyẹn.
Ooru kí ni! Òtútù rẹ̀ á lé ọyẹ́ wọlé,
ẹ̀fọn ibẹ̀ sì ju ti Ìdúmàgbò lọ,
wọn ò mọ̀ pé àlejò ni mí.
Kò sí igi. Ilẹ̀ nà gbalaja,
ewéko rẹ̀ rọ̀ bíi kànìnkànìn,
mo ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń yẹ ikùn aboyún wò.
Afinimọ̀nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀,
gbé ìbọn kọ́ èjìká bí a ṣe ń gbé báàgì;
ó ní òun kò tíì yìn ín rí,
nítorí náà kí a jọ̀ọ́, kí a má rìn jìnnà.

Béárì ńkọ́? A rí ọ̀kan.
Ó sùn sórí òkúta, ó dọ̀tí díẹ̀,
bí aṣọ funfun tí wọ́n fi omi kànga fọ̀.
Ó gbórí sókè, ó wò wá, ó yán,
ó tún sùn.
Gbogbo owó tí Ọlátóóyè san! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àbùùbùtán ni mi ò lè sọ tán.
Wọ́n yọ lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n funfun bí ẹyin,
ogún, ọgbọ̀n, mi ò kà á mọ́,
wọ́n ń súfèé, wọ́n ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Ìgbà náà ni mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan:
kékeré, aláwọ̀ eérú,
ìlà wẹ́wẹ́ ní ìhà rẹ̀
níbi tó ti ká jọ nínú ilé ọlẹ̀.
Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Mo ké: "Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan!"
Afinimọ̀nà yíjú sí mi. Ó ní, "Màmá, ta ló kọ́ yín?"
Ọwọ́ mi méjèèjì ti nà síwájú lórí omi,
mi ò mọ ìgbà tí wọ́n lọ.

Fẹ̀hìntọlá ò mu tíì rẹ̀ mọ́.
Ilẹ̀ ń ṣú lórí Ọ̀sà, ní aago méje, bó ṣe yẹ kí ilẹ̀ ṣú.
Ẹnìkan fa jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀; ó kọ̀, ó tún fà á.
"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?" ó béèrè.
Mo ní ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí n wò.