Ẹ̀dà Mẹ́ta

Èmi ni mo tẹ ìwé ẹ̀sùn Jìnádù.
Ní kóòtù, yàrá kejì láti ẹnu ọ̀nà,
níbi tí fáànù ti ń yí bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù,
ọlọ́pàá gbé bébà síwájú mi:
"Màmá, ẹ bá wa ṣe é kíá."

Ohun tí ọmọ náà kọ kò ju ìlà mẹ́rin lọ.
Ó ní ẹ̀rọ omi tí wọ́n wá ṣí fún wa ní Òkè-Baálẹ̀,
ọjọ́ tí wọ́n gé ríbọ́nnì nìkan ló pọn omi.
Ó ní báwo ni owó ṣe mọ̀nà dé ilé alága
tí omi kò mọ̀nà dé ilé wa?
Ó ya fọ́tò ẹnu ẹ̀rọ náà:
aláǹgbá kan jókòó síbẹ̀, ó ń mi orí.
Ó fi ránṣẹ́. Ó lọ sùn.
Ìdájí ni wọ́n wá gbé e.

"Ó kọ ohun tó ń bí ènìyàn nínú."
Bí wọ́n ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.
Ènìyàn wo?
Òfin kò sọ bí inú ṣe gbọ́dọ̀ bí tó
kí ó tó di ẹ̀ṣẹ̀.
Garawa òfìfo ń bí mi nínú. Ta ni kí n pe ọlọ́pàá sí?

Ẹ gbọ́ ná. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ kì í pa ènìyàn.
Lọ́dún kẹta sẹ́yìn, ẹnìkan gé ojú Múnírá ọmọ mi nínú fọ́tò,
ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìhòòhò ọmọ ẹlòmíràn,
ó ti pín in káàkiri kí n tó ti Alékúwodò dé.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọmọ mi fi kọjú sí ògiri.
Mo sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.
Wọ́n ní kí n ra bébà tí wọ́n máa fi kọ ọ́. Mo rà á.
Wọ́n ní ọ̀rọ̀ fóònù ni, ẹ lọ parí ẹ̀ nílé.
Èmi fúnra mi ni mo gbàdúrà pé kí òfin kan dé,
òfin tó ní eyín.
Ó dé. Ó ní eyín.
Ó rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, ó lọ bu Jìnádù jẹ.

Ìyá tó bí mi ń rẹ aṣọ láró ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun.
Aṣọ tó bá ti wọ ìkòkò, kì í jáde ní funfun mọ́.
Ọ̀rọ̀ orí fóònù náà nìyẹn, mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó so aláró lọ́wọ́
nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dúdú.

Kí wọ́n tó lè fi ẹ̀sùn kàn án,
mo gbọ́dọ̀ tẹ ohun tó kọ gan-an, láìyọ kan kúrò.
Mo tẹ omi. Mo tẹ owó. Mo tẹ alága.
Ẹ̀dà mẹ́ta: ti adájọ́, ti ọlọ́pàá, ti fáìlì.
Jìnádù kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò gba kọ́bọ̀;
èmi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìjọba ló ń sanwó mi.
Akọ̀wé tún kà á sókè ní gbangba.
Bàbá arúgbó kan, ẹjọ́ ilẹ̀ ló bá wá, kò ní fóònù,
ó bú sẹ́rìn-ín: "Àbí irọ́ ni? Omi ò sí!"

Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú.
Béèlì: onídùúró méjì tó nílé ní Òṣogbo.
Bàbá rẹ̀, tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ ní Ìgbọ̀nà,
ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Lálẹ́, Múnírá mú fóònù. Òun àti Jìnádù jọ kàwé ni.
Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Ó tún un kọ, ó pa á rẹ́.
"Màmá, ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.
Mo gbé garawa, mo jáde lọ sídìí ẹ̀rọ omi.
Aláǹgbá pàápàá ti lọ sùn.