Yàrà, Yàrá

Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.
Yàrà ni àwọn baba wa gbẹ́ yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká
nígbà tí ogun ń fi ẹsẹ̀ ẹṣin kan ilẹ̀kùn.
Yàrá ni èmi yà sórí pépà yìí,
lábẹ́ pápá iléèwé wa, létí ìlú àtijọ́,
níbi tí ìjì oṣù kẹta ti ká páánù
bí ẹni ká ẹní,
tó gbé e lọ kọ́ sórí igi kajú ẹni ẹlẹ́ni.

Ọmọ-ọmọ agbẹ́kànga ni mí.
Àlàbí tó bí ìyá mi mọ ilẹ̀ yìí
bí ìyàwó ilé ṣe ń mọ ìdí ìkòkò:
“Ẹsẹ̀ bàtà méje àkọ́kọ́, erùpẹ̀ lásán.
Lẹ́yìn náà, amọ̀ pupa tó ń di ọkọ́ mú bí ológò.
Lẹ́yìn náà, ìtutù.
Ẹ̀ẹ̀rùn kì í dé ibẹ̀. Ó máa ń ṣìnà.”

Mo tẹ́ pépà sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò,
mo fi òkúta mẹ́rin tẹ etí rẹ̀.
Ìyá Àwẹ̀ró wò ó, ó wò mí.
“Abẹ́ ilẹ̀ kẹ̀? Òkú là ń kó síbẹ̀, ọmọ mi.
Ilẹ̀ tó bá ti la ẹnu,
ta ni yóò bẹ̀ ẹ́ pé kó má pa á dé?”

N kò lésì.
Mo kàn ní: Ìyá, òkété ń gbé ibẹ̀, kò tíì kú.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gbà mí.
Mo ní, òkété kì í gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu kan;
ẹnu mẹ́ta nìyí, ẹ fi ìka tọ̀ wọ́n:
ọ̀kan kọjú sí ilé ìwòsàn,
ọ̀kan sí ọ̀nà Tákìé,
ẹ̀kẹta, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká nílò rẹ̀.
Ihò atẹ́gùn, ọ̀gán ló kọ́ mi,
ikán tí ò lójú, tó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà.

Gbádérò bíríkìlà bi mí léèrè òjò.
Mo fi gọ́tà hàn án, àti àgbá tí a ó rì mọ́lẹ̀:
omi tó fẹ́ gbé wa lọ la ó mu nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Láoyè wa kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ súnmọ́.
Ó ka àtẹ̀gùn orí pépà: mọ́kàndínlógún.
Kò wí nǹkan kan. Ó kàn tún un kà,
sókè ketekete.
Ojú tì mí.
Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo sọ ọ́ di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Nígbà náà ni Ìyá Àwẹ̀ró sọ èyí
tí wọn ò kọ́ mi ní yunifásítì:
“Ilé tí a kì í gbé, alángbá ní í jogún rẹ̀.
Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìjì nìkan lẹ máa ṣí i,
ọjọ́ ìjì gan-an ni kọ́kọ́rọ́ máa sọnù.
Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kàwé níbẹ̀ lọ́sàn-án.
Ẹ jẹ́ kí n máa rànwú níbẹ̀.
Kí ẹsẹ̀ wa mọ ọ̀nà kí ẹ̀rù tó dé.”

A ń gbẹ́ ẹ báyìí.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọkọ́ kan àpáàdì,
àti ilẹ̀ dúdú kan tó nà gbọọrọ láàrin pupa.
Gbádérò dúró. Gbogbo wa dúró.
Yàrà náà rè é, tí wọ́n ti dí
látìgbà tí ẹnikẹ́ni ò rántí.
Àwọn kan ti bẹ̀rù níbí ṣáájú wa,
wọ́n sì mú ọkọ́.

Owó ò tíì pé. Símẹ́ǹtì ti gbówó lórí.
Ìdajì òrùlé ṣì jẹ́ ojú ọ̀run,
ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti gbẹ.
Lánàá, tí oòrùn ń dín àtàrí wa bí àkàrà,
Láoyè ní kí a má ti òun.
A gbọ́ táyà rẹ̀ lórí kọnkéré,
lẹ́yìn náà a ò gbọ́ nǹkan kan.
Ìyá Àwẹ̀ró di ọwọ́ mi mú.
Àfi ohùn kan láti ìsàlẹ̀,
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi bọ́jú:
“Ó tutù o.
Ẹ máa gbé àga bọ̀.”